Ẹ̀rín Apá Kejì

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi rín ẹ̀rín ẹ̀tàn sí bàbá ọkọ mi, díẹ̀ ló sì kù kí n fi pa apá kejì fíìmù wa.

Aránṣọ ni mí. Ìdílé tí mo fẹ́ sí, fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n ń ṣe. Àbúrò ọkọ mi ni dírẹ́kítọ̀. Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, torí pé kò ga, mo sì fẹ́ kí àárín wa dùn. Ọkọ mi ló ń gba ohùn sílẹ̀. Á so máìkì mọ́ orí ọ̀pá gígùn, á fi ìbotí dúdú bo etí méjèèjì, bí mo bá sì ń pè é wá jẹun, kò ní í gbọ́. Bàbá wọn ni òṣèré. Èmi ni mò ń rán aṣọ tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ níbẹ̀, èmi náà ni mò ń tú u, tí mò ń dín in, tí mò ń wá bọ́tìnì tó já bọ́ lábẹ́ àga.

"Ọ̀gá Ń Sùn" ni wọ́n pe fíìmù àkọ́kọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tó lè sùn láì pa ojú dé. Gbogbo ìpàdé ló ń sùn mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì rò pé ó ń ronú jinlẹ̀ ni. Ibi ife tíì ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù. Ọ̀gá jókòó, tíì wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé ń ka ìwé gígùn kan tí kò lópin, orí ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ aago, títí ètè rẹ̀ fi kan ife. Kò jí. Ó fa tíì náà tán. Orí tún gba ọ̀nà tó gbà wá padà sókè, ó ní, "Mo fara mọ́ ọn." Ó tán, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń fi orí gbá àga iwájú.

Kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é bíi Bàbá. Aago ni Bàbá ń tún ṣe fún ọdún méjìlélógójì kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ mọ ìrìn kan tí ó lọ́ra débi pé ẹ ò ní í rí i, ẹ ó kàn rí i pé ó ti dé.

Bí wọ́n bá ń ya fíìmù, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni mo máa ń dúró sí pẹ̀lú píìnì mẹ́fà méje láàárín ètè, torí pé Bàbá rù, kóòtù rẹ̀ kì í dúró lára rẹ̀. Ẹni tó kó píìnì sẹ́nu kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀, kíá ni màá tu gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu kí n má ba ohùn jẹ́. Agùntáṣọọ́lò ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí i pé ibi tí mo bá ti tu píìnì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ní sinimá. Láti ìgbà náà, kò wo òṣèré mọ́. Ẹnu mi ló ń wò. Bí mo bá tu píìnì, á pariwo pé, "Ó tó! Ó ti wọlé!" Bí mi ò bá tu ú, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. A ò ní òṣùwọ̀n mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé "Ọ̀gá Ń Sùn" ní sinimá àdúgbò wa. Bàbá ò lè lọ ra búrẹ́dì mọ́ kí wọ́n má ní kó sùn fún àwọn. Ní ibùdókọ̀, ní ilé ìfowópamọ́, lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín pàápàá: "Ọ̀gá, ẹ sùn díẹ̀ ká rí i!" Bàbá á sì sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bó bá dé ilé, á máa ka iye ẹni tó rẹ́rìn-ín fún wa.

Ìgbà tó yá, obìnrin tó ni sinimá wá sí ilé wa. Onísinimá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń fi fíìmù ẹ̀rín han àwọn èèyàn, èmi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí.

Ó ní, "Ẹ ṣe apá kejì. Màá gbé e fún wọn wò ní ọ̀sán Sátidé kan. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó jáde. Bí wọn ò bá rín, ẹ gbé ẹrù yín."

Bó ṣe jáde báyìí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

Ọkọ mi bọ́ ìbotí, nǹkan tí kì í ṣe lójoojúmọ́. Ó ní, "Apá kejì kì í dùn. Ẹ dárúkọ ẹyọ kan péré tó dùn tó ti àkọ́kọ́."

Agùntáṣọọ́lò ní, "Bọ̀dá mi, èmi gan-an ni apá kejì nínú ilé yìí. Ẹ bi Bàbá bóyá mi ò dùn tó yín."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Apá kejì dára," ó ní. "Ó kàn kúrú díẹ̀ ni."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu tábìlì.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ni ọkọ mi wí nígbà tó rí èémí mí. "Àwàdà tí èèyàn ti gbọ́, ó ti mọ ilé tó ń lọ. Ẹ ò lè tún fi ìdènà sílẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà kẹ́ ẹ ní kó tún kọsẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tá a fi máa mú un tóbi," ni Agùntáṣọọ́lò dáhùn. "Ife kọ́ mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Lẹ́yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì, báàfù ìwẹ̀ ńlá! Ọ̀gá mẹ́ta ni yóò máa sùn, wọ́n á máa sùn lórí àkàbà!"

Mo ní, "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ife yẹn kéré ni?"

Bàbá ń fi ìka yí ife rẹ̀ lórí tábìlì.

"Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù," Bàbá wí. "Mi ò rí inú aago mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, oorun yìí ló kù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Bí kò bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, mo gbà pé ó ti parí nìyẹn, màá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́ tán. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Òkè ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ kan ni a ti ya á. Ọkọ mi fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, bọ́kẹ́ẹ̀tì la bẹ̀rẹ̀ sí. Bàbá jókòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìnulẹ̀ wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé ń kàwé, orí ń lọ sílẹ̀.

Mo rí i kíákíá. Ó ń dúró. Nígbà àkọ́kọ́, orí yẹn kàn ń lọ tiẹ̀ ni, kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Báyìí, bó bá dé agbedeméjì, á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, kí ẹ̀rín lè rí àyè wọlé. Gbogbo ìgbà tó ti sùn fún àwọn èèyàn ní ibùdókọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ ibi tí ẹ̀rín wà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Ó ń sùn bí ẹni tó ń ta oorun.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la ṣe é. Píìnì mi ò kúrò lẹ́nu.

Ní ọ̀sán, a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi.

"Ìyàwó mi, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá, Bàbá."

"Ṣé ìwọ àti ọkọ rẹ ò jà?"

"A ò jà, Bàbá. Kò tilẹ̀ gbọ́ mi débi tá a fi máa jà."

Kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Irú wíwò yẹn kan náà ló wò wọ́n lọ́jọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó wá sọ fún ọwọ́ náà, kì í ṣe fún mi, pé, "Ó jọ pé ó ti kúrò lára mi."

A padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà kẹwàá. Orí ń lọ, ó dúró, ó ń retí. Mo tu gbogbo píìnì sọ́wọ́, mo fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, mo mi èjìká.

"Ó tó! Ó ti wọlé!"

Bàbá dìde bí ẹni tí wọ́n yọ ọdún mẹ́wàá kúrò lára rẹ̀. Ó béèrè tíì. Ó jẹ búrẹ́dì tirẹ̀, ó tún jẹ tèmi kún un. Ẹni tó bá rí ojú yẹn, tó sì tún lè ti ẹnu pa lé píìnì dọjọ́ kejì, kó wá gba iṣẹ́ mi.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo tu píìnì nígbà kẹrin. Ọjọ́ kẹta, nígbà kejì. Ẹ̀rín ẹ̀tàn kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Èjìká ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Iṣẹ́ ń yá. Wọ́n gbé báàfù wọlé, wọ́n gbé àkàbà wọlé, Agùntáṣọọ́lò ń fò káàkiri bí ológoṣẹ́.

"Ìyàwó wa, apá kejì yìí ń rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ!"

"Mo rí i," ni mo ní.

Ọkọ mi nìkan ni kò fò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, mò ń fọ abọ́, ó dúró sẹ́yìn mi.

"Ẹ̀rín rẹ ti yàtọ̀."

"Báwo?"

"Imú ló máa ń gbà jáde tẹ́lẹ̀, bíi ti ẹṣin. Báyìí, ẹnu ló ń gbà."

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

"Ọjọ́ mélòó ni ọ̀fun fi ń dun èèyàn?"

"Lọ wẹ̀."

Ó lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ó tó igba èèyàn tó wá. Onísinimá ká apá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agùntáṣọọ́lò jókòó sí iwájú pátápátá, ó kọ ẹ̀yìn sí fíìmù kó lè rí ojú àwọn èèyàn. Bàbá wà láàárín èmi àti ọkọ mi, ó wọ kóòtù Ọ̀gá, mo sì ti fi píìnì tuntun há ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

Nígbà tí orúkọ fíìmù jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Bàbá yọjú, wọ́n hó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, àwọn kan rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín fún àlejò. Àkàbà dé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣẹ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ṣẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Báàfù dé. Ọ̀gá mẹ́ta ń tẹrí lọ sínú báàfù, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn bi ìyàwó rẹ̀ ní ohùn òkè bóyá ó ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó jáde. Ìyàwó ní òun tì í, òun sì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó pọ̀ jù tá a gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọwọ́ Bàbá le mọ́ apá àga. Mo rí àwọn egungun ìka rẹ̀. Mi ò lè fara dà á, mo bá rẹ́rìn-ín.

Èmi nìkan. Ẹ̀rín náà gba ẹnu jáde, ó lọ kan ògiri, ó tún padà wá bá mi. Igba orí yí wò mí.

Bàbá kò wò mí. Ó ń tẹ́tí. Etí tó ti gbọ́ ohùn aago fún ọdún méjìlélógójì, bí ọ̀kan bá ń tàsé, ó mọ̀.

Ó rọra ní, "Ṣé irú èyí lò ń rín láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo tẹjú mọ́ fíìmù.

"Ìyàwó mi, mo bi ọ́ léèrè."

"Láti ìgbà kẹwàá ọjọ́ kìíní, Bàbá."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó wo fíìmù náà dé òpin, kò yí ojú kúrò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Inú sinimá ni wọ́n ti ká a mọ́ mi lọ́wọ́.

Níta, Onísinimá ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Kò jáde. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ."

Agùntáṣọọ́lò di orí mú. "Ìyàwó wa! Ìwọ ni òṣùwọ̀n! Òṣùwọ̀n ló wá ń parọ́ fún ọlọ́jà!"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lójú. Kí ló dé tẹ́ ò fi wo Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ mọ́kànlá?"

Ọkọ mi wú ikọ́. "Èmi gbọ́ ọ o."

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí i. "Ẹ gbọ́ ọ, Bọ̀dá mi? Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá dákẹ́?"

"Ohùn ni wọ́n ní kí n gbà sílẹ̀. Mo gbà á sílẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé, obìnrin kan dá Bàbá mọ̀. "Ọ̀gá, ẹ sùn díẹ̀ fún wa!" Bàbá ní, "Mi ò sùn mọ́, ìyá." Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó kọjú síta. Ẹni tó ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn ò tilẹ̀ mọ ibi tó ti máa bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kóòtù mi dà?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Gbé kóòtù wá. Kó o sì lọ kó píìnì sẹ́nu. Bó o bá tu ẹyọ kan ṣoṣo láìnídìí, ilé bàbá rẹ ni wàá ti máa ránṣọ."

Òun náà ló lé báàfù àti àkàbà jáde. Ó ní ife ni òun fẹ́.

"Bàbá, ife ti wà ní apá kìíní," ni Agùntáṣọọ́lò wí.

"Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe sáyé? Gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ báyìí pé ọ̀gá wọn ń sùn. Bí orí rẹ̀ bá ti ń bọ̀, wọ́n á sún ife kúrò. Imú rẹ̀ ti gbọ́ òórùn tíì, kò ní í jí, á máa tẹ̀ lé ife. Ẹ sì fi tábìlì gígùn sí i."

Tábìlì tí èèyàn méjìlá lè jókòó sí la rí. Ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún. Mi ò tu píìnì. Ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí, Agùntáṣọọ́lò ń nu òógùn, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo gbé ojú mi kúrò lára rẹ̀. Bàbá ṣì ń dúró ní agbedeméjì, ó ń retí bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, á wo ẹnu mi, á rí píìnì, á sọ pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Inú ń bí i sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kò wo ẹnu mi mọ́. Mo rò pé ó ti sú u. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wá síbẹ̀. Akọ̀wé ń kàwé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó dé agbedeméjì, ó kọjá. Kò dúró. Wọ́n sún ife. Imú yí díẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún sún un. Ó tẹ̀ lé e. Gbogbo ara Bàbá ń wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada, kò rí nǹkan kan, ó ń kọjá lórí ìwé wọn, lórí ọwọ́ wọn, lórí orí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí tábìlì fi tán. Wọ́n gbé ife náà kúrò pátápátá. Orí Bàbá dúró lófuurufú. Ó wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, bí àgbàlagbà tí ìyàwó ilé rẹ̀ ti fi ẹ̀rín tàn jẹ, ó ní, "Mo fara mọ́ ọn."

Kò sáàyè láti tu píìnì. Ẹ̀rín gba imú jáde, ọ̀kan gún mi ní ètè ìsàlẹ̀, àwọn tó kù fọ́n ká sílẹ̀.

Ọkọ mi já ìbotí kúrò létí. "Òun nìyí! Ẹṣin ti dé!"

"Ó tó!" Agùntáṣọọ́lò fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ó tó, ó tó, ó tó!"

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí àgbọ̀n mi, mi ò sì lè dákẹ́ ẹ̀rín. Bàbá dìde, ó wá bá mi, ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu ẹ̀jẹ̀ náà fún mi dáadáa. Ó wo ojú ibi tí píìnì gún.

"Kò yẹ kó o gún ara rẹ nítorí tèmi," ó ní.

"Bàbá, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é! Ẹ̀rín ló bá mi lójijì."

"Mo gbọ́."

Ó lọ mu tíì. "Mo gbọ́" ló sọ. Kò sọ pé òun gbà.

A tún gbogbo ìyókù ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, Sátidé mìíràn sì pé. Nígbà tí orí Bàbá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọkùnrin kan yọ̀ láti orí àga rẹ̀, ó há sáàárín ìlà méjì, wọn ò sì lè gbé e dìde torí pé àwọn tó fẹ́ gbé e ò lágbára. Obìnrin kan ń kígbe pé kí wọ́n dá a dúró díẹ̀ kóun lè mí. Agùntáṣọọ́lò jókòó síwájú, ó kọjú sí wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọkọ mi búra pé òun rí eyín Onísinimá, méjì lókè. Èmi ò rí i.

Lórí àtẹ̀gùn níta, àwọn òǹwòran ń jà.

"Ti àkọ́kọ́ dùn jù!"

"Irọ́ lo pa! Ṣé tábìlì wà ní ti àkọ́kọ́?"

"Ife wà níbẹ̀!"

"Ife ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn jókòó ni!"

Agùntáṣọọ́lò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó wa, má parọ́ fún mi mọ́ láyé. Èwo ló dùn jù?"

"Ti àkọ́kọ́."

Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Kí ló dé?"

"Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ wa, àwa pàápàá. Ṣùgbọ́n ibi tábìlì yẹn, kò sí ohun tó tó o nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ fi ìyẹn tẹ́ra lọ́rùn."

Ó rò ó wò, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé e. Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Onísinimá ti ń sọ̀rọ̀ apá kẹta, ọkọ mi ti ń sọ pé apá kẹta kì í dùn, èmi sì ti tún dín kóòtù.

Bàbá ṣì máa ń dá àpárá lórí tábìlì. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ yíjú sí ọkọ mi. Ọkọ mi á ní, "Imú ni, Bàbá, òótọ́ ni." Ìgbà yẹn ni yóò tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti fara mọ́ ìyẹn. Ọwọ́ mi ni mo fi fà á.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Àìkú kan, àwọn àlejò kan fi apá kìíní sí orí tẹlifíṣọ̀n wa. Bàbá jókòó tì wọ́n. Nígbà tó dé ibi ife, bí èèyàn bá fetí sílẹ̀ dáadáa, á gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn kámẹ́rà. Èmi ni. Ìgbọ̀nwọ́ mi ò bo ẹnu dáadáa lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò ò gbọ́ ọ, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tiwọn. Bàbá gbọ́ ọ. Ó yíjú sí mi.

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Gbogbo ti apá kìíní pátá, òótọ́ ni."

Ó fẹ́ gbà mí gbọ́, mo rí i pé ó fẹ́ ẹ gan-an.

"O ṣeun, ìyàwó mi," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò wo apá kìíní mọ́.